Ìbọn Méjì Lórí Àpò Kòkó

Àpò kòkó kan ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn arọ Akínṣìkù,
ní Òkèlísà, ní Oǹdó. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló sùn lé e.

Ti Orímọ̀lóyè dúdú, ó pẹlẹbẹ.
Ọta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò sínú èèkù rẹ̀
bí ọmọ iléèwé tó ń retí agogo.
Ti Akínṣìkù wúwo.
Inú àwòrán àtijọ́ kan ló ti wò ó, tó fi rọ ọ́:
ihò mẹ́fà, bí apá kan ọpọ́n ayò.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ni ọlọ́pàá wí.
A gbé agolo mílíìkì ka orí kùkùté ọ̀pẹ.

Pá-pá-pá-pá.
N kò tí ì mí tán, agolo ti di ajere.

A gbé òmíràn síbẹ̀. Ó wá kan alágbẹ̀dẹ.
Ó bu ẹ̀tù, ó rọ ọ́ sínú ihò.
Ó ki ọta, ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ó fi ọ̀rá ẹran dí i lẹ́nu.
Ihò kan nìyẹn. Ó ku márùn-ún.
Ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun; ó jẹ́ ẹ.
Òjò ṣú; ó wojú ọ̀run.

Orímọ̀lóyè ṣí fìlà,
ó ń yí agolo ajere náà lọ́wọ́.
"Ká ní irú èyí ni wọ́n fún mi lọ́dún yẹn..."
Kò parí rẹ̀.
A kò bi í.

Gbàù!
Èéfín funfun bò wá, ó gba orí aṣọ tí wọ́n sá kọjá.
Nígbà tó ṣí, agolo ṣì dúró sórí kùkùté.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa,
àfi ọlọ́pàá.