Téṣàn Orí Ẹ̀ka Kẹta

Ìdí la ti í gun igi,
àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́,
àmọ́ wọn ò sọ fún wa
bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gùn ún.

Wínípẹ̀gì, nínú oṣù Ọ̀pẹ.
Òtútù ti di ilẹ̀kùn mú látìta.
Èmi àti Ẹniafẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì
bí ẹni ń kí ọba kan tí kò jáde,
a ń so irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́,
a ń fi í yí igi Kérésì po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.
Ọmọ ní kò tó. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà gòkè,
kó gba àárín ẹ̀ka kọjá, kó yọ lẹ́bàá ìràwọ̀.
Ta ló bí ọmọ yìí?
Ìyá rẹ̀ ti ilé ìdáná wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Orest ló ń gbé ilé kejì,
ọmọ àwọn ará Yukiréènì tó wá dáko síbí láyé àtijọ́.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún irin ṣe fún rélùwéè.
Orest lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́; Ọ̀rẹ́ ni etí mi gbọ́
lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, òun àti ṣọ́bìrì rẹ̀ nínú yìnyín,
n kò sì tún un ṣe láti ìgbà náà.
Ó gbọn bàtà, ó kúnlẹ̀,
orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Ó fìka wọn ọ̀nà wa, ó mirí:
"Bí irin bá rin ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún lọ síwájú,
kó má fi ju mẹ́ta gòkè.
Tiyín ń lọ sọ́run tààrà."

A tú u. A gé pákó pẹlẹbẹ,
a fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, a fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀ka,
oje igi lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, ó ń run bí ọṣẹ tuntun.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, a tan iná sí i.
Ọkọ̀ pupa, tí kò gùn ju ìka mi lọ,
ó gba ẹ̀ka kìíní, fàkàfíkì,
ó gba ìkejì, fàkà... fíkì...
ó dé ìkẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀,
ó ń kùn lójú kan bí eṣinṣin inú ìgò.

A nu irin. Ó dúró síbẹ̀.
A já ọkọ̀ ẹrù kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀.
Orest ní ká gé ẹ̀ka náà. Ìyá Ẹniafẹ́ ní
ẹni tó bá fi ayùn kan igi òun, inú mọ́tò ni yóò sùn.

Mo wá ń ròyìn bàbá mi,
aláṣíá nídìí rélùwéè n'Ìkìrun,
àṣíá pupa lápá òsì, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún,
àtùpà tí gíláàsì rẹ̀ ti sán.
Ọkọ̀ àárọ̀ á dé lọ́jọ́ kejì.
Bí èrò bá ń bínú, á ní,
"Ẹ rọra. Ọkọ̀ ò sọnù.
Ó kàn dúró níbi tí àwọn kan ń gbé ni."

N kò mọ̀ pé ọmọ ń gbọ́.
Ó ti mú páálí bísíkíìtì, ó ti mú sísọ́ọ̀sì,
ó gé ilé kan, fèrèsé méjì, òrùlé tí kò dọ́gba,
ó gbé e ka ẹ̀ka kẹta,
ó fi bírò kọ IKIRUN sí i, ó gbàgbé àmì orí rẹ̀,
ó sì gbé ọkùnrin olówùú kan sẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ̀ gbéra. Ó gòkè, ó yọ̀,
ó dúró gan-an níwájú téṣàn
bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń lọ tẹ́lẹ̀.
Orest ṣí fìlà.
"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?" ó bi mí.
Mo ní, "Ogójì ọdún."
Ó ní, "Kò burú. Mo ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lókèèrè, níbi tí títì ti dábùú irin,
ọkọ̀ ẹrù gidi kan ń fọn fèrè nínú òkùnkùn.
Ẹniafẹ́ ò gbójú sókè.
Ó ní èrò kan ṣì kù
tí òun ò tíì ṣe ẹsẹ̀ fún.