Ta Ni Alábàákú Ẹ̀kùrọ́?

Ní Tartu, yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì.
Urve Kaljuste, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
gbé tíì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kò mu ún.
Lẹ́tà kan dé láti Düsseldorf:
"A fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta. Tún un ṣe."
Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta! Àfi bí ẹni tí wọ́n ti san owó oṣù fún rí.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń kọ ẹ̀kùrọ́ yìí,
ọkàn tó wà nínú ẹ̀rọ, tí ojú kì í rí.
Alẹ́ ló ń kọ ọ́, bó bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò tán,
ó sì gbé e síta gbangba, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó mú.
Ó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú:
bí o ṣe bá a ni kí o ṣe gbà á,
n kò ṣe onígbọ̀wọ́ ohunkóhun.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ dá a ní kékeré ni.
Tõnis, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ní kí gbogbo wọn máa gbé yàrá kan,
ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń ka dísíìkì, ẹni tó ń ṣọ́ wáyà:
"Ta ló ń kanlẹ̀kùn nínú yàrá ara rẹ̀? Yóò yá."
Urve ní yóò yá, títí ọjọ́ tí ẹnì kan bá mú iná wọlé.
Ẹ̀kùrọ́ tirẹ̀, kó pín àkókò, kó pín àyè,
kó jíṣẹ́ fún onílé kọ̀ọ̀kan, ó parí.
Ẹni tó bá ṣubú, kó ṣubú nínú yàrá rẹ̀,
kí wọ́n gbé e dìde, kí ilé má mọ̀.
Tõnis bínú lọ. Ọdún kẹjọ rèé tí wọn ò kí ara wọn.

Ó fèsì fún Düsseldorf ní ìlà kan:
"Ẹ ka ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà."
Ó pa iná. Ó sùn, tàbí ó díbọ́n.

Lóru, lẹ́tà mìíràn. Ximena Oyarzo,
tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré kan
ní Punta Arenas, nísàlẹ̀ ayé:
"Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ tó ń ka èémí àwọn ìkókó
máa ń dákẹ́ lọ́gànjọ́. Ọwọ́ la fi ń kà á.
Kì í ṣe dandan fún yín. Mo kàn ní kí n sọ ni."

Kì í ṣe dandan.
Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ẹsẹ̀ lásán lórí pákó tútù,
ó tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ tó ń jẹ́ láti yàrá dé yàrá,
ó wá ká wọn mọ́: méjì, bí àna méjì lẹ́nu ọ̀nà,
èyí ní "ẹ kọ́kọ́ wọlé," èyí ní "rárá, ẹ̀yin ni,"
wọ́n dúró síbẹ̀,
ìkókó kan ń mí, ẹnikẹ́ni ò kà á.

Ìlà mẹ́rin ló fi yanjú rẹ̀.
Düsseldorf yóò rí tiwọn mú níbẹ̀ náà, lọ́fẹ̀ẹ́.
Wọn ò ní dúpẹ́. Ó mọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹ̀kùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà.
Wọn ò sọ ẹni tí yóò bá ẹ̀kùrọ́ kú.

Ilẹ̀ mọ́. Ó mu tíì àná, tó ti tutù bí odò Emajõgi.
Ó wá nọ́ńbà Tõnis jáde.
Kò tíì pè é.