Ẹnu Agbè

Tọ́ọ̀ṣì mi kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
eyín ni mo fi ń dì í mú bí ọwọ́ méjèèjì bá dí.
Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ojúmọ́ mọ́ nínú yàrá ìgbẹ̀bí wa ní Ìlújù:
ọmọọ́lé a sá wọ àjà,
obìnrin tó ń rọbí a fọwọ́ bojú, a ní,
"Nọ́ọ̀sì, ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ yà ni?"

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé,
abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, òwú ti kọjá lẹ́ẹ̀kan,
ni iná bá pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.
Ó ṣẹ́jú.
Ó lọ.
Fóònù ọkọ rẹ̀ la fi parí iṣẹ́.
Mo rán an, mi ò rán an dáadáa.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú u, mo tún un rán.
Wúràọlá kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ògiri.

Ohun tó gbé mi dé Tàkìé nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé,
síwájú tábìlì Látúnjí, tó pàtẹ bátìrì bí ẹni pàtẹ àgbàdo sísè.
"Ẹ wo èyí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí i lára."
Ó pupa bí èso kajú, ó ń dán.
Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí ìlérí olóṣèlú.
Látúnjí fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín:
"Mo ti la irú ẹ̀ rí. Ìyẹ̀fun ló kún inú ẹ̀,
ọmọ bátìrì kan ló sùn sáàárín bí kòkòrò inú obì.
Mò ń tà á ni o, mi ò ní kí ẹ rà á."

Ó mú òmíràn, èyí tó yọ nínú láptọ́ọ̀pù tó ti kú.
Ara rẹ̀ họ, ṣùgbọ́n ó wúwo.
Mo kì í bọ tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ó tàn yòò. Mo ka ení, mo ka èjì.
N kò tíì ka ogún tó fi rẹ̀ ẹ́.
"Kì í ṣe pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, Nọ́ọ̀sì.
Agbè ńlá ni, ẹnu ẹ̀ ló rí tóóró.
Tọ́ọ̀ṣì yín yìí, òùngbẹ rẹ̀ kò mọ ife,
ìkòkò ló ń gbé dà sọ́fun."

Ìkẹta ní àwọ̀ eérú.
Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ péré ló wà lára rẹ̀,
iye tí kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.
"Agbè kékeré, ẹnu gbàgàdà."
Owó rẹ̀ ra mẹ́ta nínú ti àkọ́kọ́.
Mo dúró.
Mo ro owó ilé-ìwé Fìjàbí ọmọ mi,
mo ro ògiri yẹn,
mo ka owó náà lé Látúnjí lọ́wọ́.

Ó ń pariwo tẹ̀lé mi:
"Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì o!
Bó bá ń gbóná lórí ṣájà, ẹ yọ ọ́!
Ẹ má fà á gbẹ!
Bówó bá dé, ẹ wá mú ìkejì ẹ̀!"

Owó kò tíì dé.
Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní sólà ló ti ń gba iná,
inú agolo ìpara àtijọ́ ló ń sùn,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá a, títí kan ọkọ mi.

Lóru àná, wọ́n kanlẹ̀kùn.
Wúràọlá ló mú àbúrò rẹ̀ wá.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára iná
tó ń gbóná sí mi létè.
Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ̀ ẹ́, iná wẹ́rẹ́, iná ìdúródè.
Ẹ̀ẹ̀kejì,
mo fi í pamọ́ de abẹ́rẹ́.