Ọ̀pọ̀lọ́ Etí Ọ̀sà

Ìwọ tí o ń jẹ́ orúkọ mi,
tí o sì ń fi orúkọ mi jẹun,
mo rí ìwé rẹ lọ́jà Wàńdó lọ́jọ́ Ẹtì,
láàárín mílíìkì alágolo àti àbẹ́là:
ojú ìwé mẹ́rìnlélógún, èèpo ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé,
"Láti ọwọ́ Ọ̀pọ̀lọ́ Etí Ọ̀sà."
Mo ra á. Igba sẹ́fà.
Mo sanwó kí n tó lè ka ohun tí wọ́n ní mo sọ.

Irọ́ náà kò tilẹ̀ dùn.
O ní kí aráyé máa mu àgbo Dókítà Ó-Jẹ́-Bí-Idán
láàárọ̀, kí wọ́n tún mu ún lálẹ́.
O fi "ìfẹ́" parí ìlà mẹ́ta tẹ̀léra,
èmi tí mo máa ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo
fún odindi oṣù!
Ìyẹn dùn mí ju ti àgbo lọ.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Èmi, ọ̀sà ni mo wò.
Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, lóru, ní Àjàṣẹ́ níbí,
ọkọ mi ń hanrun, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
mo gbọ́ ohùn kan ràbàtà, kò sí ara.
Gbogbo àdúgbò gbọ́,
ẹnikẹ́ni ò rí ẹnu tó ń sọ ọ́.
Mo ní, èyí gan-an ni mo fẹ́ jẹ́.

Torí nílé ọkọ, Ìyàwó ni mí títí dòní.
Lọ́jà, orúkọ àkọ́bí mi ni wọ́n fi ń pè mí.
Ní mọ́ṣáláṣí, èyí tí àlùfáà pè sí mi létí lọ́jọ́ kẹjọ,
n kò sì ní dá a níbí.
Èyí tí mo fọwọ́ ara mi mú, ẹyọ kan péré ni.

Òun lo jí.

Àbúrò mi wá sílé, ó di ìwé rẹ mú.
"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀pọ̀lọ́ yìí tún ti sọ̀rọ̀!"
Mo ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ó dáa."
Mo ṣa ẹ̀wà rere dànù pọ̀ mọ́ òkúta.

Ni mo bá gbọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba lọ,
níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé.
Ọ̀gbẹ́ni Hùnkpátìn nawọ́ fọ́ọ̀mù sí mi.
Ìlà kìíní: orúkọ tí ẹ fẹ́ dáàbò bò.
Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Ìlà kejì: orúkọ tòótọ́.
Báírò mi dúró.

"Ọ̀gá, ṣé Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ò tó?"
"Màdáámù, òfin kì í ṣọ́ ẹrù tí kò mọ olówó rẹ̀."
Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀.
Ẹ ò rí i? Kí n tó lè ti ilẹ̀kùn,
wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bọ́ síta.
"Kí ẹ sì mú ẹlẹ́rìí méjì wá,
àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀yin nìyẹn."
Ẹlẹ́rìí!
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rí i dájú
pé kò ní sí ẹlẹ́rìí.

Fọ́ọ̀mù náà ń bẹ lábẹ́ agolo gàrí.
Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí ìlà kejì.
Mùfútáù atẹ̀wé ti gbà láti fọwọ́ sí i;
ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó tó àkókò.
Ó ku ẹnì kan.
Mo ro ìlú já, mo ro ọjà, mo ro ẹbí.
Ẹni kejì láyé
tó mọ̀ láìsí tàbí-ṣùgbọ́n
pé orúkọ náà ní olówó, kì í sì í ṣe òun,
ìwọ ni.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí.
Mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ dání.