Ọjọ́ Tí Ilé Wa Lúwẹ̀ẹ́

Ìyá mi kò fẹ́ kó ẹrù.
Ilé gan-an ló fẹ́ kó.
"Baba yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àwọn ìṣó wọ̀nyí," ló wí,
"n kò ní fi wọ́n sílẹ̀ fún òkun tó ń jẹ etí ilẹ̀ wa
bí eku ṣe ń jẹ etí búrẹ́dì."
Ní Chiloé, ẹnikẹ́ni kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín.
Wọ́n kàn bi í pé: "Ìgbà wo?"

Bí ìwé onílà ṣe bọ́ sọ́wọ́ èmi àbígbẹ̀yìn nìyẹn,
pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tí ajá ti rún nídìí.
Mo kọ ọ́: màlúù.
Àjàgà mẹ́jọ la nílò, méjì la ní.
Rosamel Nahuelquín yóò mú méjì wá
bí a ó bá bá a wa ọ̀dùnkún lóṣù kẹta.
Àwọn ará ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní mẹ́ta.
Ìyókù, Ọlọ́run mọ̀.
Mo kọ ọ́: okùn wáyà. Ogún àgbá òfìfo.
Igi gbọọrọ tí ilé yóò máa yí lé lórí.
Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì méjì. Epo.
Ta ni yóò sanwó epo?
Mo fa ìlà sábẹ́ epo lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
òṣùpá là ń wò ká tó dájọ́ fún ilé.
Baldomero ní Ọjọ́bọ̀ ló wọ òun lára,
nítorí iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja.
Òṣùpá ní Àbámẹ́ta.
Baldomero bá ṣàìsàn títí di Ọjọ́ Ajé.

Nígbà tó ku ọ̀la, a tú fèrèsé, a tú ilẹ̀kùn,
a gbé ààrò irin jáde: ẹni mẹ́fà, èébú méjìlá.
A fi igi dábùú inú yàrá kí ògiri má bàa wó.
Ìyá mi ń rìn káàkiri nínú òfìfo náà,
ó ń fọwọ́ kan òpó tí baba fi ń wọn gíga wa.
Ìlà tèmi ló kéré jù.
Kò sunkún. Ó ní eruku ni.
Ológbò kọ̀, kò jáde.
N kò kọ ológbò sínú ìwé.

Ilẹ̀ mọ́, ìlú dé.
N kò pe ìdajì wọn.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀
láti ìgbà ọ̀ràn ọgbà
jọ di okùn kan náà mú,
ọ̀kan ń wo òkè, ọ̀kan ń wo ilẹ̀.
Ọ̀wẹ̀ kò bi ọ́ léèrè ẹni tí ò ń bá jà.
Rosamel pariwo, màlúù mí kíkankíkan,
ilé ké. Ó kọ̀. Ó tún ké.
Ó wá rìn.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e;
lọ́jọ́ yẹn ìkarahun ló ṣáájú,
àwa là ń wọ́ tẹ̀ lé e
gba inú oko kọjá, títí dé iyanrìn.

Níbẹ̀ la jókòó sí, à ń retí omi.
Ìwé mi kò lágbára lórí omi.
Lọ́sàn-án ó kún, ó gbé ilé nílẹ̀ jẹ́jẹ́
bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn lọ.
Lójú fèrèsé tí kò ní dígí mọ́,
ológbò yọrí, ó ń wo ẹja.

Ní erékùṣù kejì, iná ti ń jó nínú kòtò:
òkúta gbígbóná, ìṣáwùrú òkun, ẹran ẹlẹ́dẹ̀,
ewé tó fẹ̀ ju agboòrùn lọ tí a fi dé e.
Ìwé mi ní àádọ́ta ènìyàn.
Ọgọ́fà ló jẹun.

Lálẹ́, mo fàmì sí gbogbo rẹ̀ tán, àfi epo.
Títí dòní, kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó san án.
Àti ilẹ̀kùn iwájú:
a gbàgbé rẹ̀ sídìí igi ápù lódì kejì.
A fi aṣọ ìbora dí ẹnu ọ̀nà,
atẹ́gùn òkun ń gbé e, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
bíi pé ẹnì kan fẹ́ wọlé
tí kò tíì dá a lójú pé ilé rẹ̀ nìyí.