Ẹrù àti Ẹ̀rù

Ohùn lásán ló ya ẹrù sọ́tọ̀ lára ẹ̀rù.
Àwọn méjèèjì ni mo ń gbé lálaalẹ́
láti ilé ìgbẹ̀bí ní Jíbówú
títí dé ojúlé kẹtàdínlógún, lẹ́yìn Bájúláyé.

Bọ̀dá Láṣéìndé, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì,
ní, "Agbẹ̀bí, ìbọn ni. Kékeré. Kò hàn lábẹ́ aṣọ.
Mo mọ ẹni tí yóò bá ọ wá a."
Mo wo ọwọ́ mi.
Ọwọ́ yìí gbẹ̀bí ọmọ mẹ́ta lánàá,
ọ̀kan nínú wọn kọ̀, kò ké,
àfìgbà tí mo gbá a nídìí
ló tó rántí pé ayé lòun wá.
Mo ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ọwọ́ mi ti níṣẹ́."

Ẹ wá wo inú báàgì mi.
Tọ́ọ̀ṣì tí kò ju àtàǹpàkò lọ,
tó bá tàn sí ọ lójú, wàá pe ìyá rẹ.
Ata gígún nínú ìgò oògùn ojú,
kí olójú má bèèrè irú oògùn tó jẹ́.
Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ní àpò ìta:
kì í ṣe tèmi,
ti ẹni tó bá dá mi dúró ni.
Fóònù tó ti fọ́ lójú, tirẹ̀ náà nìyẹn.
Bàtà pẹlẹbẹ, nítorí ẹsẹ̀ tó mọ ìgbà ìsáré, oògùn ni.
Bándéèjì. Okùn tí a fi ń so apá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà.
Fèrè aláwọ̀ ọsàn tí ọmọ mi fi ṣe rẹfirí níléèwé.
Àti pélébé páálí kan:
Fadérera Ọ̀ṣínúbi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, O. Ẹ pe Ìbídùn.
Àdúrà mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má kà á.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ
láti Fádèyí dé ọ̀dọ̀ wa.
Mo sọ̀kalẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀,
tọ́ọ̀ṣì mi ń wo ilẹ̀,
mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn.
Mo rìn, ó rìn.
Mo dúró bí ẹni tó ń so bàtà,
bàtà tí kò ní okùn,
òun náà dúró.
Báàgì tí mo tò bí tábìlì ìgbẹ̀bí
ṣàdédé di igbó.
Ata dà? Fèrè dà?
Ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ fà yọ, ìyarun ni.
Mo sì nà án síta bí idà.

Ni mo bá yí iná.
Ọmọkùnrin. Kò lè ju mẹ́rìnlá lọ.
Dìndì ìwé ìsìnkú ẹnìkan wà lórí rẹ̀,
ó fi apá bojú.
"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.
Iná yín ni mo ń tẹ̀lé láti orí afárá."

Sàbítù lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú.
Ó fi tirẹ̀ hàn mí:
àgádágodo nínú ìbọ̀sẹ̀,
ó wúwo ju ọrùn ọwọ́ tó gbé e lọ.
"Ọ̀gá mi ló fún mi."
"Ta lo fẹ́ fi lù?"
Ó ronú díẹ̀.
"Ẹ̀yin ni, ká ní ẹ yí padà láìsí iná."

A rẹ́rìn-ín, kò dún púpọ̀.
A jọ ń rìn, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Mo fi fèrè kọ́ ọ lọ́rùn.
Nígbà tí a dé oríta, ó ní òun fẹ́ dán an wò.
Ó fọn ọ́n.
Ajá gbó. Ẹnìkan ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́.
Gbogbo àdúgbò dákẹ́ bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè.
Lẹ́yìn náà, fèrèsé kan ṣí lókè,
ìyá kan na orí síta tòun ti ìborùn:
"Ta nìyẹn? Kí ló ṣe yín?"

Fèrèsé kan ṣoṣo.
Mo ka ilé náà láti igun: ìkẹrin, lápá òsì,
ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti ń bó.
Mo ti kó o sínú báàgì.