Ẹni Kẹtàlélógún

Nínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà
lábẹ́ ibùsùn Bàbá Akínpẹ̀lú, ní Òkè-Àdó,
àádọ́ta ọmọ ogun ló yẹ kó wà.
Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan dín.

Káàdì pẹlẹbẹ, kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ,
irú èyí tí wọ́n ń há sínú páálí sìgá láyé ọjọ́sí
kí sìgá má baà tẹ̀.
Òyìnbó ṣọ́jà ló kún ara wọn:
ẹlẹ́wù pupa, ẹlẹ́ṣin funfun,
eléyìí fi ìyẹ́ sórí bí àkùkọ tó fẹ́ jà,
eléyìí na idà síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí.
Ẹ̀jẹ̀ kò kán sí bàtà ẹnìkan.
Ẹrẹ̀ kò ta sí ṣòkòtò.

Bàbá kì í mu sìgá tẹ́lẹ̀. Ìyá Abẹ̀jẹ́ ló sọ fún mi.
Àwòrán ló kọ́kọ́ fà á,
kó tó di pé òun náà ń fa èéfín.
Ọ̀dọ́ ni, ó ń kó ẹrù ní réluwéè Dùgbẹ̀,
a máa fi ẹlẹ́ṣin kan gba afẹsẹ̀rìn méjì
títí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gágun Páálí.
Nọ́ńbà kẹtàlélógún nìkan ni kò bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọdún tí wọ́n ń gba ènìyàn lọ sí Bọ́mà,
ó ní òun fẹ́ lọ wọ ẹ̀wù pupa.
Kákí ni wọ́n fún un.
Ẹṣin kò sí; orí ara rẹ̀ ló fi ru àpótí ọta
gba inú igbó tí òjò kì í dá.
Ìwọ̀nba tó sọ nìyẹn. Bí a bá bi í sí i,
yóò ní ká lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ó dé pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ mẹ́jọ, àti ikọ́
tí í jí agboolé kí àkùkọ tó kọ.
Síbẹ̀ ó ń ra sìgá, ó ń já a, ó ń yọjú wo inú rẹ̀.
Wọn kò fi káàdì síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà ogun.
Ta ni yóò sọ fún un?

Lánàá, mo yọ fọ́tò rẹ̀ kan,
èyí tó yà ní Mọ́kọ́lá lọ́sẹ̀ tó dé:
fìlà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kò wo ẹnikẹ́ni.
Mo fi í sáàárín kejìlélógún àti kẹrìnlélógún.
Ó tóbi jù. Mo mú àlùmọ́gàjí,
mo fi wọn etí fọ́tò náà.
Bí n bá gé e, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.
Agolo náà kò ṣeé dé mọ́ báyìí.
Òórùn tábà ṣì ń jáde níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀.